Ẹ ṣọ́ra fún déètì orí kọ̀ǹpútà

Bí oníṣòwò kan ní Ìkìrun bá kọ 9/3/2027 sínú ìwé rẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni àwọn ará ìlú yóò kà. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, tí kò sì sẹ́ni tó yí ìlànà rẹ̀ padà, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀rọ náà yóò gbà á sí. Oṣù ni àwọn ará ibẹ̀ ń kọ́kọ́ kọ. Lójú wọn, ogun Jálumi tó wáyé ní Ìkìrun ní 1/11/1878, oṣù kìn-ín-ní ló jà, bẹ́ẹ̀ oṣù kọkànlá ni.

Ẹni tó ń ta oògùn kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Oògùn tó yẹ kó kúrò lórí igbá ní oṣù kẹta lè wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó ta sìmẹ́ǹtì láwìn fún oníbàárà láti Ìnísà, tí àdéhùn wọn jẹ́ 5/6, lè lọ sin owó ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Ìjà dé nìyẹn.

Excel kì í sì í pariwo. Bí ọjọ́ kò bá ju 12 lọ, yóò yí i sódì láìsọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ 25/3, kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nítorí náà yóò fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ wò ó dáadáa: èyí tó gbà bí déètì máa ń dúró sápá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ lásán a dúró sápá òsì. Bí ẹ bá rí méjèèjì nínú ìlà kan náà, àkọsílẹ̀ yín ti dàrú.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun ni kí ẹ ní kí wọ́n yan ìlànà Nàìjíríà nínú Windows. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn náà, kò ní tún èyí tó ti ṣì kà ṣe. Ẹni tó bá ta kọ̀ǹpútà láì tò ó bẹ́ẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Kò yẹ kí owó rẹ̀ pé.

Orúkọ oṣù Yorùbá, láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ, ti wà nínú CLDR, àkójọ tí àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ń lò káàkiri ayé. Ó wúni lórí, àmọ́ "oṣù kẹta" ni wọ́n ń sọ lọ́jà Òkukù, kì í ṣe Ẹrẹ́nà, Excel tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ ìkankan nínú méjèèjì. Títí wọn yóò fi tún un ṣe, "9 Mar 2027" ni kí ẹ máa tẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n to ẹ̀rọ náà, ti Amẹ́ríkà ni o, ti Nàìjíríà ni o, kò ní ṣì í kà.