Ẹran Tí Ó Ń Sé Odò

Ọ̀rọ̀ ẹran kan tí kò sí ní ilẹ̀ wa ni a mú wá lónìí. Àwọn Faransé ń pè é ní castor. Ó jọ òkété, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ púpọ̀: ó lè wọn kílò 20. Ìrù rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, eyín iwájú rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gé igi lulẹ̀.

Bàbá, ìyá àti ọmọ ni wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Wọn a fi igi, òkúta àti ẹrẹ̀ dí ojú odò, kí omi lè jìn, kí ẹnu ọ̀nà ilé wọn wà lábẹ́ omi, kí ìkookò má baà rí wọn mú. Nítorí ilé àti ọmọ wọn ni wọ́n ṣe ń ṣe é; ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Omi tí ì bá sáré lọ a dúró, a rọra wọ inú ilẹ̀. Ẹrẹ̀ a rọlẹ̀, omi a mọ́. Àkèré, lámilámi àti ẹyẹ odò a padà wá.

Síbẹ̀, ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run, nítorí irun wọn tí a fi ń ṣe fìlà. Ní nǹkan bí ọdún 1900, bí 1,200 péré ni ó kù ní Yúróòpù àti Éṣíà. Nígbà tí a fi òfin dáàbò bò wọ́n, tí a sì kó wọn padà sí odò púpọ̀, wọ́n bí sí i; lónìí wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ní agbègbè Brdy, àwọn ọmọ ogun ti gbẹ́ kòtò nígbà kan rí, àbàtà ibẹ̀ sì gbẹ. Ní 2018, ìjọba pète láti sé omi náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ àti ti ilẹ̀ fà á sẹ́yìn fún ọdún méje. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, castor mẹ́jọ ti ṣe é! Ní 2025 ni a kéde pé ìjọba kò ní ná mílíọ̀nù 30 owó kóróònù wọn mọ́.

A kò sọ pé kò sí wàhálà. Omi tí wọ́n sé a máa bo oko olóko. Nítorí náà, níbòmíràn, a máa ń ri páìpù gba inú ìdídò wọn kọjá kí omi má baà ga jù, a sì ń fi wáyà yí igi eléso ká. Àgbẹ̀ ń kórè, ẹran náà sì ń gbé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bi yín pé kí ni ẹran kan wúlò fún, ẹ má yára dáhùn pé kò wúlò. Àwọn tí ó pa castor nítorí fìlà kò mọ̀ pé omi ni àwọn ń pa.

Ó di ìgbà mìíràn.