Ẹ Jẹ́ Kí Clotilda Wà Nínú Ẹrẹ̀

Clotilda ni ọkọ̀ ìkẹyìn tí a mọ̀ pé ó kó ẹrú láti Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà. Ní 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ ibẹ̀ léèwọ̀, olówó kan ní Alabama, Timothy Meaher, rán ọ̀gá atukọ̀ William Foster lọ sí Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ó sì kó nǹkan bí 110 ènìyàn dé Mobile. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Kossola, tó kú ní 1935, jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà sí, àmọ́ ẹrẹ̀ odò gba ohun tí iná kò ráàyè jó, ó sì pa á mọ́ títí wọ́n fi kéde ní 2019 pé òun gan-an ni wọ́n rí. Àwọn kan ní kí wọ́n wú u jáde. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ ni kó wà. Àwòrán rẹ̀ ni kó jáde.

Igi tó ti mumi láti ọdún gbọọrọ kì í fẹ́ afẹ́fẹ́: bó bá gbẹ, á sún kì, á là. Nígbà tí Sweden gbé ọkọ̀ Vasa jáde ní 1961, ọdún 17 ni wọ́n fi ń wọ́n oògùn sí i lára, wọn ò sì tíì sinmi lórí ìtọ́jú rẹ̀ dòní. Òkun tó tutù ló sì tọ́jú Vasa. Clotilda ti jóná lápá kan. Omi Mobile dúdú débi pé ọwọ́ ni òmùwẹ̀ fi ń ríran níbẹ̀. Sonar kò nílò ìmọ́lẹ̀: ó ń rán ìró sínú omi, ìró náà á kọlu igi, á padà, kọ̀ǹpútà á sì fi í ya àwòrán. Irú rẹ̀ kan tilẹ̀ ń wo abẹ́ ẹrẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n rí bá ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà mu.

Wọ́n lè ní àwòrán á júwe ọ̀nà fún olè. Ṣé dandan ni kí wọ́n kọ ibi tí ọkọ̀ wà sí i? Èyí tó le jù ni pé àwòrán kì í ṣe igi, ọmọ ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí igi náà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí àwọn ègé kéékèèké fi wà ní Africatown Heritage House, tí wọ́n ṣí ní 2023 ní Africatown, àdúgbò tí àwọn tí Clotilda kó wá dá sílẹ̀; ìyẹn sì tó. Àwọn ọmọ Africatown ni kó kọ́kọ́ ni àwòrán náà, kì í ṣe yunifásítì kankan. Lẹ́yìn wọn, kí ìjọba Nàìjíríà àti ti Benin bèèrè ẹ̀dà rẹ̀ fún Badagry àti Ouidah, kí wọ́n sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé.