Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Yẹpẹrẹ
Ẹ̀yin ará, ta ló ní ohun ọ̀fẹ́ ò níyì? Ní 1964, Georgina Beier ṣí ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Mbari Mbayo, láàárín ìgboro Òṣogbo. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí. Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná fún eré Dúró Ládípọ̀, jókòó kọ́ ọ. Lónìí, ayé mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Àwa tá a wà lókè òkun ńkọ́? A ń rówó gba gbọ̀ngàn fún òwàḿbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kọ́mọ wa wá kọ́ Yorùbá, kó ya àwòrán pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀ ní páàkì lọ́fẹ̀ẹ́, a ó ní kò sáyè.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo tọ́jú ìyá àgbà kan tí àrùn ìgbàgbé ti gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ ní kí n máa túmọ̀ fún òun. Ẹ kó ọmọ jáde o! Àbí nọ́ọ̀sì ni yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹ̀jẹ̀ yín?