Ta Ni Yóò Jẹ́rìí fún Wa Bí Abà Bá Wó?

Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ará Likosi, ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn láàrin wa tí a kò gbọdọ̀ fi ojú fò dá. Àwọn kan ń wí pé abà tí àwọn baba wa kọ́ sí oko kò jẹ́ nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe amọ̀ tí òjò ń jẹ. Wọ́n ní kí katakata gbá a kúrò, kí a ta ilẹ̀ náà fún àwọn tí ń kọ́ ilé iṣẹ́ bí èyí tí ó kún Ogijo. A ti bá wọn sọ ọ́ ní ìdákọ́ńkọ́ títí. Ní gbangba ni a ń bi wọ́n wàyí: lọ́jọ́ tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá délẹ̀, kí ni ẹ óò nawọ́ sí?

Ẹ jẹ́ kí a wo abà náà fúnra rẹ̀. Ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí a mọ ní ìpele ìpele. Ìpele kan a gbẹ kí a tó gbé èkejì lé e. Ewé gbòdògì ni a fi bo òrùlé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó kòkó àti owó obì ni ó sọ ọ́ di páànù. Níwájú ni a ń sá kòkó. Lẹ́yìn ni ebu epo wà. Yàrá kan wà tí oòrùn kì í wọ̀, níbi tí a ń kó apẹ̀rẹ̀ gbànja sí, lẹ́yìn tí a bá ti rẹ obì sínú omi, tí a bó awọ funfun ara rẹ̀, tí a sì fi ewé tútù bò ó kí ó má bàa gbẹ kí Hausa oníbàárà tó dé. (Ẹni tí ó bá pe èyí ní iṣẹ́ òpè, kí ó tọ́jú apẹ̀rẹ̀ obì kan fún oṣù mẹ́ta kí a wò ó.) Gbànja pàápàá kì í ṣe igi ìbílẹ̀ wa, àbàtà ni tiwa. Àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n gbìn ín tó bẹ́ẹ̀ tí Ṣàgámù fi di ọjà obì tí ilẹ̀ Hausa mọ̀.

Irú oko bẹ́ẹ̀ ni ó gbé ilẹ̀ Yorùbá dìde. Ní nǹkan bí 1880 ni Kápúténì J. P. L. Davies dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọn, ní ìhà Agége. Nígbà tí aya rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí Ọbabìnrin Victoria tọ́jú, kú ní Madeira ní ọdún náà, inú oko yìí ni ó gbé òkúta ìrántí rẹ̀ nà ró sí. Láti ìhà Agége ni àwọn alágbàṣe ti ru irúgbìn kòkó lọ sí ìlú wọn. Mélòó nínú wa ni ó ti mú ọmọ rẹ̀ lọ wo Ìjọn?

Àwọn òyìnbó tí ẹ ń fara wé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Kittochside, ní ilẹ̀ Scotland, ìdílé Reid di oko kan mú láti 1567. Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1780 ṣì dúró. Ní 1992 wọ́n fi í lé ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ ohun àjogúnbá ilẹ̀ wọn lọ́wọ́; ní 2001 ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ibi tí a ti ń fún wàrà màlúù ni o, kì í ṣe ààfin!

Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ ni àkọ́kọ́. Lílo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ wà nínú wọn pẹ̀lú. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 náà dáàbò bo ẹni tí ó ti ń fi ilẹ̀ ṣe oko kí òfin náà tó dé. Báwo ni ẹni tí ó gbá abà baba rẹ̀ dànù yóò ṣe fi èyí hàn?

Wọ́n á ní ebi ń pa àwọn, ògiri amọ̀ kò sì bọ́ ọmọ. Òótọ́ ni, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí awọnlẹ̀ tó kan oko, kí ẹbí kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a, àwọn tí wọ́n bá a pààlà, igi obì tí ó gbìn, àti ibojì tí ó wà níbẹ̀. Kí a ya àwòrán ilé náà yípo. Kí a sì yọ abà kan, ó kéré tán, kúrò nínú ohun tí a ń tà, kí a fi páànù tuntun bò ó. Kí a ṣe é kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí tó parí, nítorí àwọn àgbà tí wọ́n mọ ààlà náà kò pọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ sì ti ń dùn wọ́n láti rìn dé oko.