Ìforítì Nọ́ọ̀sì Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọkàn Líle Nìkan

 

Ó ṣòro kí ẹ tó rí ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò ní nọ́ọ̀sì. Bí kì í bá ṣe ìyàwó, a jẹ́ pé àbúrò tàbí àǹtí ni. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ wọn ní ìpàdé, a máa ń sọ pé, "Obìnrin yẹn lágbára o, kì í rẹ̀ ẹ́." A rò pé à ń yìn wọ́n ni. Èmi tí mò ń bá àwọn ènìyàn wa ṣe ìṣirò owó kò fara mọ́ ọn mọ́. Lójú tèmi, ìforítì nọ́ọ̀sì dà bí owó tó wà ní báǹkì. Bí a bá ń yọ ọ́ láìfi kún un, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní ku kọ́bọ̀.

Arábìnrin kan kó ìwé owó rẹ̀ wá bá mi. Ó ń ṣe wákàtí 37 àti ààbọ̀ tí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sọ lọ́sẹ̀, ó tún ń fi ṣíìfù àfikún méjì lé e. Mo ní, "Àbúrò, ìgbà wo lo sinmi gbẹ̀yìn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bùọ̀dá, ta ni yóò san owó ilé ìwé àwọn ọmọ àǹtí mi?" Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ríro dá a dùbúlẹ̀. Ṣíìfù àfikún dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ìpè láti ilé kò dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ kò le. Àkáǹtì rẹ̀ ló gbẹ.

Kí ló ń mú nọ́ọ̀sì dúró? Oorun tó tó, ọ̀gá wọ́ọ̀dù tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹlẹgbẹ́ tó ń ran ni lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó, ìgbàgbọ́, àti ilé tí ènìyàn lè wọ̀ kí ara tù ú. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní England, Wales àti Northern Ireland ní oṣù Kejìlá 2022, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ààbò aláìsàn ni wọ́n ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ẹ̀mí ìfaradà ni yóò rọ́pò òṣìṣẹ́ tí kò tó. Ṣùgbọ́n apá kan wà tó jẹ́ tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Èkíní, ẹ ṣe ìṣirò ṣíìfù àfikún dáadáa. Ní England, bí nọ́ọ̀sì bá pa £200 lé owó oṣù rẹ̀, owó orí 20% àti National Insurance 8% yóò mú £56 lọ. Ó ku £144. Bí owó rẹ̀ lọ́dún bá ti kọjá £50,270, owó orí di 40%, National Insurance di 2%, ohun tó kù di £116. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àti owó ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ kúrò. Ǹjẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù tó owó oorun òru kan?

Èkejì, ẹ má ṣe yọ ara yín kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì NHS nítorí àtirí owó fi ránṣẹ́ sílé. Ní England àti Wales, láti oṣù Kẹrin 2024, 23.7% owó oṣù yín ni agbanisíṣẹ́ ń fi sí i. Ẹni tó bá jáde ti sọ èyí nù, òun ni yóò sì máa ṣe ṣíìfù òru ní ọjọ́ ogbó.

Ẹ̀kẹta, ẹ gba ìsinmi yín. Òṣìṣẹ́ NHS ń gba ọjọ́ 27 lọ́dún láti ìbẹ̀rẹ̀, ó di 29 lẹ́yìn ọdún 5, ó di 33 lẹ́yìn ọdún 10, yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ lè ṣe ju wákàtí 48 lọ́sẹ̀, òfin gbà yín láàyè láti fagi lé e.

Ẹ̀kẹrin kan gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí á pín ẹrù ilé. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí ọmọ ìyá mẹ́rin bá wà, kí ló dé tó fi jẹ́ pé nọ́ọ̀sì nìkan là ń pè? Ẹ̀yin ọkọ, ìyàwó tó dé láti ṣíìfù òru kì í ṣe ẹni tí à ń bi pé oúnjẹ dà.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ìyá wa faradà á jù báyìí lọ. Òótọ́ ni. Kofoworola Pratt dé ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí aláwọ̀ dúdú kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ó padà sílé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n òun pàápàá kò dá dúró. Ó wà nínú WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn.

Nítorí náà, àbá mi fún ẹgbẹ́ wa rèé: kí á má ṣe gba owó ìtanràn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí kò lè wá ìpàdé nítorí iṣẹ́ òru, kí á sì yan ènìyàn méjì tí yóò máa pè wọ́n lóṣooṣù, láìbèèrè owó kankan. Ìlera loògùn ọrọ̀. Bí àwọn tó ń tọ́jú ìlera ẹlòmíràn bá pàdánù tiwọn, gbèsè ni gbogbo wa jẹ.

Olúwa yóò máa fún wọn lókun. Àwa náà, ẹ jẹ́ kí á dín ẹrù orí wọn kù.