Ta Ní Ńpa Ìkókó Wa?

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà, àwọn kan nínú wa ńwí pé oògùn òyìnbó kò jẹ́ mọ́. Òtítọ́ mbẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta l’ó bà á jẹ́?

Lí ọjà Moniya níhìn-ín, abiyamọ kan ra kápúsù apakòkòrò mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tí ńkiri oògùn, láìsí ìwé dókítà. Ó ní òun yíò tú ọ̀kan sí ìdodo ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, kí òun fi ìyókù pamọ́ de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lí ọdún 1945, Alexander Fleming, ẹnití ó ṣàwárí pẹnisílínì, ti kìlọ̀ pé oògùn tí kò tó ìwọ̀n a máa sọ kòkòrò di alágbára. Nísisìyí, kòkòrò Klebsiella, tí ńwọ ẹ̀jẹ̀ ìkókó, ti borí púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí ní Nàìjíríà. (Kì í ṣe ọjà nìkan: ọwọ́ tí a kò fọ̀ nínú yàrá ìgbẹ̀bí ńgbé e kiri pẹ̀lú.) Ọmọ a kọ ọmú, ara rẹ̀ a gbóná tàbí kí ó tutù, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ. A sì ńpè é ní àbíkú!

Ẹ máṣe sọ fún mi pé àṣà ni. Àwọn baba wa kò mọ kápúsù. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Akinyele lé àwọn akiri-oògùn kúrò lí ọjà. Kí abiyamọ sì gbé ọmọ tí ó kọ ọmú lọ sí ilé ìwòsàn lí ọjọ́ náà gan-an.