Okùn Tí A Ta Ní Kókó àti Okùn Tí A Hun

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ okùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá so rọ̀ mọ́ okùn kò ní pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ooru mú púpọ̀ ní Ire-Àkárí wa níbí, ní ìhà Ìsọlọ̀, débi pé inú yàrá kò ṣeé sùn ní ọ̀sán. A ra aṣọ líle àti okùn ọ̀rá ní ọjà Òṣòdì, a sì fi wọ́n ṣe ibùsùn àsorọ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní hámọ́ọ̀kì, sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín igi máńgòrò àti òpó irin. A ta okùn náà ní kókó lórí kókó, a sì fà á títí ó fi le gbọnrangandan, kí ibùsùn náà má baà balẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wa wù wá. Àwọn ọmọ sùn nínú rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyá wa àgbà dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀; kò pẹ́ tí okùn fi já, tí wọ́n sì fi ìbàdí sọlẹ̀. Egungun kò ṣẹ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kí Màmá tó lè bẹ̀rẹ̀ gbé garawa omi. Nígbà tí a kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ta kókó bí ẹni tí ń di ìdì igi. Ṣé igi ni mí?"

Bàbá kan ní àdúgbò wa, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ òkun fún ọdún púpọ̀, wá kí Màmá. Wọ́n mú okùn tí ó já náà, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe àárín rẹ̀ ni ó ti já, bí kò ṣe ẹnu kókó gan-an. Wọ́n ní, "Okùn yìí kò dalẹ̀ yín. Ẹ̀yin ni ẹ fún un lọ́rùn."

Ìdí ọ̀rọ̀ wọn nìyí. Nígbà tí okùn bá nà tààrà, gbogbo òwú inú rẹ̀ ni ó ń fa ẹrù pọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ta á ní kókó, okùn ṣẹ́ po lójijì: àwọn òwú tí ó wà ní ẹ̀yìn ibi tí ó po nà ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn ti inú sì ká jọ láìṣe iṣẹ́ kankan. Àwọn tí ó nà jù ni yóò kọ́kọ́ já, ẹrù wọn yóò sì bọ́ sórí àwọn ìyókù. Nítorí náà ni okùn tí a ta ní kókó ṣe ń pàdánù nǹkan bí ìdá 1 nínú 4 agbára rẹ̀, títí dé ìdajì nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ẹnu okùn, tí a sì hun ún padà wọ inú ara okùn náà, ẹrù yóò máa kọjá díẹ̀díẹ̀ láti orí fọ́nrán kan sí èkejì, èyí tí a bá sì hun dáradára a máa pa nǹkan bí ìdá 9 nínú 10 agbára rẹ̀ mọ́.

Okùn kì í gùn títí kí ó má ní ibi tí a ti fà á wá. Àwọn ènìyàn erékùṣù Karibíánì ni ó ni ibùsùn yìí. Columbus bá a lọ́wọ́ wọn ní 1492, àwọn atukọ̀ sì gbà á sínú ọkọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ wa, kí a tó ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, èyí tí ó gba Òṣòdì kọjá, nínú irú rẹ̀ tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn ni àwọn aláàárù ti máa ń ru míṣọ́nnárì àti òṣìṣẹ́ ìjọba Òyìnbó la inú igbó já.

Àṣìṣe wa kejì ni pé a fa okùn le jù. Ẹ fi ọkàn bá wa lọ. Bí ẹni tí ó wọn 70 kìlógíráàmù bá dùbúlẹ̀, tí okùn sì sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 fún ẹsẹ̀ bàtà 7 tí ó fi jìnnà sí òpó, nǹkan bí 70 kìlógíráàmù ni okùn apá kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1 àti díẹ̀ péré ni ó sọ̀ kalẹ̀, ẹrù apá kọ̀ọ̀kan yóò lé ní 200 kìlógíráàmù! Ara Màmá kò wúwo tó bẹ́ẹ̀; ìfàle wa ni ó sọ wọ́n di ẹrù méjì-mẹ́ta.

Báyìí ni Bàbá ṣe kọ́ wa. Ẹ ra okùn tí a fi fọ́nrán mẹ́ta lọ́, nítorí èyí tí a hun bí okùn bàtà kò gba irú iṣẹ́ yìí. Ẹ tú ẹnu rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì fi òwú di ẹnu fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ ká okùn padà kí ó ṣe ojú kan tí òrùka irin yóò gbà. Ẹ fi igi ṣóńṣó la ara okùn, kí ẹ ti fọ́nrán àárín bọ abẹ́ fọ́nrán kan níbẹ̀, ní ìdábùú ìlọ́ rẹ̀. Ẹ ti ti òsì bọ abẹ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ yí okùn padà, kí ẹ sì ti ẹ̀kẹta bọ abẹ́ èyí tí ó kù, ní ọ̀nà kan náà tí àwọn ìṣáájú gbà. Láti ibẹ̀ lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gba orí ọ̀kan, kí ó sì gba abẹ́ ọ̀kan, kí ẹ sì máa fà á le. Fún okùn tí a fi ewéko ṣe, ìgbà mẹ́ta tó. Fún okùn ọ̀rá, tí ó ń yọ̀, kí ó má dín ní ìgbà márùn-ún.

Ẹni tí ó bá mọ irun dì ni iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ yé. Ọmọbìnrin wa ọmọ ọdún 11 ti ṣe tirẹ̀ parí nígbà tí àwa ṣì ń wá fọ́nrán kẹta. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

A kò wí pé kí a má ta kókó mọ́ láé. Níbi tí a óò ti máa tú okùn lálaalẹ́, tàbí tí a fẹ́ máa dín in kù kí a sì máa fà á gùn, kókó ni ó yẹ. Ẹ kọ́kọ́ yí okùn po igi lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ta á, kí igi náà lè bá kókó gba nínú ẹrù. Kí ẹ sì ra okùn tí ó nípọn ju bí ẹ ti rò pé ó tó lọ. Ẹ máa yẹ okùn ọ̀rá wò, nítorí pé oòrùn ń jẹ ẹ́: bí ara rẹ̀ bá ti ń hu bí irun, tí ó sì ń rún, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má sì jẹ́ kí ibùsùn náà ga ju àga ìjókòó lọ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ọmọ tàbí àgbàlagbà dán okùn wò. Àpò sìmẹ́ǹtì 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn 50 kìlógíráàmù, ni a kọ́kọ́ tẹ́ sínú tiwa, wọ́n sì sùn níbẹ̀ mọ́jú. Màmá jí ní òwúrọ̀, wọ́n wo àpò méjèèjì, wọ́n fi ọwọ́ pa ojú okùn tí ọmọ-ọmọ wọn hun, wọ́n ní, "Èyí dára. Ẹrù náà kárí." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a gbé sìmẹ́ǹtì kúrò, kí àwọn rí ibi sùn.